Àgbò Ilẹ̀ Gbígbẹ ní Sabon Gari

Àgbò kan, irú tí wọ́n ń pè ní Balami, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò Yoruba Road, ní Sabon Gari, ìlú Kánò. Funfun ni látòkè délẹ̀, àfi ibi tí erùpẹ̀ ti kùn ún ní pupa ní ikùn àti ní orúnkún. Okùn ọ̀rá aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi so ó mọ́ irin fèrèsé, okùn náà kò sì gùn ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá dúró tì í, èjìká àgbò náà kọjá ìbàdí rẹ̀ dáadáa.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹran níbẹ̀. Egungun, iṣan àti awọ ni. Pátákò rẹ̀ là sí méjì, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín eérú àti dúdú. Bí ó bá ń rìn lórí kọnkéré iwájú ilé, ó ń dún kò, kò, kò. Bí ó bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn etí gọ́tà, ìró náà á dákẹ́ lójijì.

Orí ló wúwo jù lára rẹ̀. Egungun imú yọ síta láti abẹ́ ojú, ó tẹ̀ kọrọdọ wá sílẹ̀ títí ó fi dé ibi ihò imú, níbi tí irun ti tán tí awọ sì máa ń tutù nígbà gbogbo. Ìwo rẹ̀ nípọn nídìí. Ó kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn, ó yí sísàlẹ̀ gba ẹ̀yìn etí, ó sì tún yọ síwájú lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìlà wẹ́wẹ́ yí ìwo náà po láti ìdí dé ṣóńṣó, erùpẹ̀ sì ti wọ inú ìlà kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ọ̀fun, irun gígùn rọ̀ sílẹ̀ dé àyà. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé méjì wọlé, irun yìí nìkan ló ń mì lára rẹ̀.

Etí méjèèjì rọ̀ jọwọlọ, wọ́n gùn kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí eṣinṣin bá bà á, etí kan á gbọ̀n pẹ́ẹ́, èkejì á dúró jẹ́ẹ́. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti ẹ̀yìn là á já, awọ etí náà á pọ́n, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín á sì hàn nínú rẹ̀, wọ́n á pẹ̀ka káàkiri. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú etí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí kọjá ń tú ooru ara dànù sínú afẹ́fẹ́.

Ooru Kánò kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kẹrin ọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó lè tó 40 lórí ìwọ̀n Celsius lọ́sàn-án. Lásìkò yìí àgbò náà kì í ké. Ìhà rẹ̀ á máa wú, á máa pẹ̀, kíákíá, ẹnu rẹ̀ á sì wà ní pípadé. Èémí tó ń gba imú ńlá náà wọlé tó ń gbà á jáde ń gbẹ omi inú imú, gbígbẹ omi yìí ló sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ẹ̀jẹ̀ tútù náà á wá gba abẹ́ ọpọlọ kọjá, á bu ooru kúrò lára ẹ̀jẹ̀ gbígbóná tó ń lọ sínú orí. Imú tó dà bí ẹ̀ṣọ́ lásán lójú, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Irun kúkúrú tó lẹ̀ mọ́ awọ ló bo ara rẹ̀, kì í ṣe irun kíkún tí wọ́n ń rẹ́ lára àgùntàn ilẹ̀ Yúróòpù láti fi hun aṣọ òtútù. Bí ọwọ́ bá ti ìdí irun náà lọ sí ṣóńṣó rẹ̀, ó ń yọ̀. Bí ọwọ́ bá padà, ó ń gún. Gbogbo ohun tó wà lára ẹran yìí, láti ẹsẹ̀ títí dé etí, ilẹ̀ gbígbẹ ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Sabon Gari kò sì ní ilẹ̀ gbalasa tí ẹran lè rìn jìnnà lórí rẹ̀. Àwọn ará gúúsù tó bá rélùwéè wá ni wọ́n la àdúgbò náà sílẹ̀ fún, lẹ́yìn tí ojú irin láti Èkó dé Kánò ní 1911. Títì rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, wọ́n dábùú ara wọn: Ibo Road, Enugu Road, Aitken Road, Burma Road. Ilé fara ti ilé, ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, yàrá wà lókè, páànù orí wọn sì ti pọ́n. Nínú ìlà tóóró tí wọ́n wọ̀n fún akọ̀wé àti oníṣòwò yìí ni ẹran tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn ti ń dúró sójú kan.

Bí Iléyá bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, irú mìíràn á dé bá Balami. Uda ni èyí tó ń dá ojú dúró jù. Iwájú rẹ̀ dúdú tàbí kó jẹ́ pupa bíi kọfí, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun gbòò, bí ẹni pé wọ́n fi orí rì í sínú kòtò aró Kofar Mata ní Kánò, wọ́n sì fà á jáde nígbà tí aró dé ìdajì ìhà. Ààlà àwọ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Irun dúdú ń ṣẹ́ yọ láàárín funfun, funfun ń ṣẹ́ yọ láàárín dúdú, ní ìwọ̀n ìka kan péré, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó gba ilẹ̀ tirẹ̀. Etí rẹ̀ náà gùn, ó rọ̀. Imú rẹ̀ náà tẹ̀. Akọ nìkan ló sì ń hu ìwo.

Ìrìn Uda yàtọ̀. Àwọn darandaran Fúlàní kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Udawa, irú àgùntàn yìí ni wọ́n ń dà, wọ́n sì máa ń bá wọn rìn láti ìhà Nìjẹ̀r sọ̀ kalẹ̀ wá sí Nàìjíríà tí koríko bá gbẹ lókè. Ìrìn náà ṣì wà lára ẹran. Uda tí wọ́n so mọ́ èèkàn ní ẹ̀yìnkùlé kì í fẹ́ dúró. Á rìn títí okùn yóò fi ká mọ́ èèkàn tí ọrùn rẹ̀ yóò fi kan igi, á dúró díẹ̀, á sì yí padà. Kí ọjọ́ tó lọ tán, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti gbẹ́ ilẹ̀ yíká, iyanrìn tó bu á ti gún jọ sí etí ipa náà, ìgbẹ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́ á sì wà káàkiri inú rẹ̀.

Yankasa, irú kẹta, kò ga tó Balami àti Uda, òun ló sì pọ̀ jù. Funfun ni, ṣùgbọ́n dúdú yí ojú rẹ̀ méjèèjì ká, ó bo ètè àti ihò imú, ó kan etí, nígbà mìíràn ó dé pátákò. Àgbò rẹ̀ ní gọ̀gọ̀ funfun tó le, tó dà sí ọrùn àti èjìká. Nítorí dúdú tó yí i ká, ojú Yankasa hàn kedere ju ti àwọn yòókù lọ. Àwọ̀ oyin ni ẹyinjú náà. Ọmọlójú rẹ̀ kò rí róbótó. Ìlà dúdú ni, ó dábùú láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí àgbò bá tẹ orí ba láti jẹun, ọmọlójú náà á yí padà, á sì tún dábùú bí ilẹ̀ ṣe dábùú. Ìran rẹ̀ fẹ̀ débi pé láìyí ọrùn, ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀. Ọmọ tó bá yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wá láti fọwọ́ kan ìrù rẹ̀, àgbò ti rí i tipẹ́.

Oúnjẹ wọn máa ń dé ní òwúrọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere tàbí lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ewé ẹ̀wà gbígbẹ ló níyì jù, èyí tí gbogbo Kánò ń pè ní harawa. Wọ́n dì í ní ìdìpọ̀ pẹ̀lú igi àti ewé àti èèpo ẹ̀wà òfo, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewé tó ti ń di eérú, òórùn rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ náà wà. Àgbò kì í kàn ki ẹnu bọ̀ ọ́. Ètè òkè rẹ̀ là láàárín, apá kọ̀ọ̀kan ń dá rìn. Á fi tú ìdìpọ̀ náà wò, á ṣa ewé, á fi igi sílẹ̀. Ewé ń fọ́ wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ bí ó ṣe ń fà á, èyí tó bọ́ sílẹ̀ ni adìẹ ń dúró dè.

Lẹ́yìn ewé, dúsà ló kàn, èèpo ọkà tí ẹ̀rọ ti lọ̀, nínú agbada tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya. Ní gẹ́rẹ́ tí imú bá kàn án, èémí á gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ dìde. Imú dúdú Yankasa á funfun, á sín lẹ́ẹ̀mejì, á tún tẹrí ba. Ní ẹ̀gbẹ́ agbada, kán-ún kan wà lórí bíríkì. Ahọ́n ti lá a títí ó fi jinkòtò láàárín, ara rẹ̀ sì ń dán.

Ìgbà tí oúnjẹ bá tán ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Àgbò á kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú, á gbé ìdí kalẹ̀ tẹ̀ lé e, á mí kanlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, kókó kan á gbéra láti ìsàlẹ̀ ọrùn, á rọra gun òkè lábẹ́ irun, á sì wọ ẹnu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ á wọ́ lọ sápá kan, á gbé sókè, á padà. Kò sí eyín iwájú lókè ẹnu rẹ̀. Erìgì líle ló wà níbẹ̀, eyín mẹ́jọ ìsàlẹ̀ ló fi ń gé ewé mọ́ ọn. Eyín ẹ̀yìn ló ń lọ̀ ọ́. Bí ó bá lọ̀ ọ́ tán, á gbé e mì, ọ̀fun á dákẹ́ fún ìwọ̀nba èémí mélòó kan, kókó mìíràn á sì tún gbéra. Lóru, tí àwọn jẹnẹrétọ̀ bá ti kú tán ní Sabon Gari, àpọ̀jẹ yìí ni ìró tó kù ní ẹ̀yìnkùlé: rìrì, rìrì, rìrì, tó ń ti ara oríṣiríṣi jáde, tí ọ̀kan kì í bá èkejì ṣe déédéé.

Ibi tí wọ́n ti ń ta àwọn àgbò yìí, eruku ló ń kọ́kọ́ hàn. Ẹran máa ń ti àríwá wọ Kánò, láti ọjà bíi Maigatari ní ìpínlẹ̀ Jígáwá, tó wà létí ààlà Nìjẹ̀r. Ìyá kan láti Sabon Gari, tó wé gèlè àdìrẹ, dúró níwájú Balami kan, ọmọkùnrin tó bá a wá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká wo ẹnu ẹ̀ ná.”

Ọmọkùnrin náà ki àtàǹpàkò bọ ẹ̀gbẹ́ ètè, ibi tí eyín kò sí, ẹnu sì là. Eyín ńlá méjì ti hù láàárín, wọ́n fẹ̀, wọ́n funfun ju àwọn eyín ọmọ tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì lọ. Èyí fi hàn pé ẹran náà ti lé lọ́dún kan. Ó tẹ ìka mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn láti mọ bí ẹran ti pọ̀ tó lórí egungun. Ó gbé ìrù. Ó mú kí ẹran náà rìn síwájú, ó ń wo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń balẹ̀, nítorí ẹran tó bá ń tiro tàbí tó fọ́ lójú kò ṣeé fi ṣe ọdún.

“Bàbá, nawa ne?” ni ìyá náà bi olówó ẹran.

Bàbá náà dá iye kan. Ìyá náà dá ìlàjì rẹ̀ padà. “Albarka,” ni bàbá náà wí, ohùn rẹ̀ kò ga, ó sì yíjú sí àgbò mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń kọ owó ní ọjà Kánò nìyẹn, àdúrà ni wọ́n fi ń kọ̀ ọ́. Àwọn Yorùbá tí wọ́n bí sí Sabon Gari mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ “ẹ fi kún un”. Ìyá náà kò kúrò níbẹ̀. Ó tún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bàbá náà tún kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbẹ̀yìn bàbá náà tú okùn náà, ó sì fi lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́.

Ewúrẹ́ kì í dúró de okùn. Ewúrẹ́ pupa ilẹ̀ Haúsá, tí wọ́n mọ̀ sí ti Sókótó, ń rìn káàkiri Sabon Gari láàárọ̀. Ara rẹ̀ pọ́n rokoṣo, irun rẹ̀ kúkúrú, ó ń dán. Etí rẹ̀ kò rọ̀. Ó nà sí ẹ̀gbẹ́. Ó ń jẹ èèpo iṣu, ó ń jẹ páálí, ó ń gun bíríkì tí wọ́n tò jọ, láti orí bíríkì ó dé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ti kú, yóò sì gbá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sí ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Awọ rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rìn jìnnà. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń ṣe awọ ní Kánò máa ń fi èso igi bagaruwa ṣe é, ràkúnmí ń gbé e gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Tírípólì, nígbà tó bá sì dé Yúróòpù wọ́n ń pè é ní awọ Mòrókò. Heinrich Barth, ará Jámánì tó wọ Kánò ní 1851, ka awọ yìí mọ́ ọjà tí ìlú náà ń rán jáde. Orúkọ Kánò ì bá ti bá awọ náà lọ.

Kì í ṣe ẹran ọ̀sìn nìkan ló wà ní Kánò. Àwòdì ń yí po lókè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran, apá rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, ìrù rẹ̀ tó là lẹ́nu ló ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láti fi darí ara. Bí ó bá rí ìfun kan lórí àkìtàn, á pa apá pọ̀, á já bọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń gbé e, orí afẹ́fẹ́ ló sì ti ń jẹ ẹ́. Igún kò pọ̀ mọ́. Igún kékeré tí orí rẹ̀ pá, tí ọrùn rẹ̀ pọ́n, tó máa ń dúró sórí òrùlé ibi ìpẹran, ti wọ inú ìwé àwọn ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run ní gbogbo Áfíríkà láti 2015, nítorí májèlé àti nítorí àwọn tó ń pa á fún oògùn. Àdánù gidi ni, torí ibi tí igún bá ti jẹun, òkú ẹran kì í rà níbẹ̀.

Lára ògiri, akọ alángbá na ẹsẹ̀ iwájú, ó gbé àyà sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún gbé e. Orí rẹ̀ pọ́n bí oòrùn bá mú, ara rẹ̀ dúdú tó ní búlúù nínú. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, àwọ̀ náà á ṣá títí tí kò fi ní yàtọ̀ sí ògiri. Irú rẹ̀ kan náà ló kún orí òkúta pupa òkè Dala, ní ìlú àtijọ́, tó ga tó 534 mítà lókè òkun. Ewúrẹ́ náà ń gun ẹ̀gbẹ́ òkè yìí. Ìwé ìtàn tí wọ́n ń pè ní Kano Chronicle sọ pé ọdẹ kan, Barbushe, gbé orí òkè náà, ó ń fi ọ̀pá pa erin, ó sì ń fi orí rù ú wálé. Kò sí erin níbẹ̀ mọ́.

Dala kò ga tó láti yí ojú ọjọ́ padà. Ní Mambilla, ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, òtútù ló ń lé eṣinṣin tsetse, tó ń kó àrùn ran ẹran, sẹ́yìn, màlúù sì ń jẹ koríko tútù. Ní Kánò, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gbẹ tó báyìí, tsetse kò lè gbé, àgùntàn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn sì lè dàgbà.

Lálẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n á tẹ́ iyanrìn àti koríko sí inú rẹ̀, wọ́n á máa ti àwọn àgbò gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan lórí pákó, orí ọ̀kan á kọ sí ìdí èkejì kí ìwo má baà gún ara wọn. Pátákò á máa yọ̀ lórí irin. Balami tó dúró jẹ́ẹ́ láti àárọ̀ á ké nísinsìnyí, ohùn rẹ̀ nípọn, ó ti inú ikùn wá. Ọmọ ọkọ̀ á máa gba inú wọn kọjá, á gbé orí èyí tó bá wó sílẹ̀ sókè, nítorí èyí tó bá dùbúlẹ̀ láàárín ìyókù lè má dìde mọ́. Ìbàdàn, Ìlọrin, Èkó ni wọ́n ń lọ, ọ̀nà tí rélùwéè ti ń kó ẹran gbà tẹ́lẹ̀.

Níbi tí wọ́n ń lọ, tsetse àti àrùn rẹ̀ wà nínú igbó. Àgùntàn ilẹ̀ Yorùbá, èyí tó kéré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, lè gbé àrùn náà mọ́ra kó má sì kú. Balami àti Uda kò lè gbé e. Bí wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀, wọ́n á rù, wọ́n á sì kú. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bímọ gbilẹ̀ ní gúúsù, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ní láti máa kó tuntun láti Kánò ní gbogbo ọdún.